Oògùn Abẹ́ Fìlà

Bàtà rọ́bà ni Olútìmẹ́hìn wá rà lọ́jọ́ tí Nimat kọ́kọ́ fojú kàn án. Òjò ti ń dá wàhálà sílẹ̀ lóko kòkó nígbà náà, gbogbo ọ̀nà oko ti di ẹrẹ̀, àwọn àgbẹ̀ sì ń ya wọ Odode, ní Ìdànrè, láti wá ra bàtà, àdá àti àpò ní ṣọ́ọ̀bù ìyá Nimat.

Ọkùnrin náà ga, ó dúdú, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ó dúró gan-an bí ẹni tí wọ́n fi pákó há lẹ́yìn. Bó bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ kan, kì í yí ọrùn. Gbogbo ara ló ń yí.

"Ẹ jókòó kí ẹ wọ̀ ọ́ wò," Nimat wí, ó sún àpótí kan sí i.

"Má wulẹ̀ ṣèyọnu. Fún mi ní èyí tó fi nọ́ńbà kan tóbi jù ú lọ."

"Ẹ ò tíì wọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti mọ̀ pé kò gbà yín?"

"Ó gbà mí. Ẹ̀yìn mi ni kò gbà fún mi. Kì í fẹ́ tẹ̀ láàárọ̀. Bí bàtà bá tóbi, mà á kàn ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lórí ìdúró ni."

Nimat bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà tó wojú rẹ̀ tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ojú tì í. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì fi bàtà rọ́bà wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń múra fún ọmọ jélé-ó-sinmi.

"Kí lorúkọ rẹ?" ọkùnrin náà béèrè láti òkè.

"Nimat."

"Oríkì rẹ ńkọ́?"

"Àjíkẹ́."

"Àjíkẹ́, ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kúnlẹ̀ níwájú mi tí kì í ṣe pé ó fẹ́ gbàdúrà lé mi lórí."

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tí oko Olútìmẹ́hìn kò nílò mọ́. Lónìí, á ní òun wá ra okùn. Lọ́la, fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Ó ń ti Aládé wá sí Odode nítorí ìṣó. Àìníà, ìyá Nimat, fojú sí i títí, ó ní, "Ọmọkùnrin yìí, àbí àdá ló ń jẹ?" Nimat dorí kodò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára wẹ́rẹ́. Wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jọ jẹ àgbàdo sísè, àwọn àpáta ńlá á sì dúró lókè wọn bí àgbà tó ń ṣọ́ ọmọdé. Ibẹ̀ ni Tìmẹ́hìn ti sọ àìsàn rẹ̀ fún un.

"Ìgbà tí mo wà ní Póólì ní Ọ̀wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sùn, ara mi á gan. Bí mo bá dìde, tí mo rìn, tí mo ṣiṣẹ́, á dẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ọ̀lẹ ni mí. Dókítà kan ló wá sọ fún mi pé ara mi ló ń bá ara rẹ̀ jà, pé oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn mi ń gbóná, ó ń wú, bí a kò bá sì tọ́jú ẹ̀, wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra."

"Kí lo wá ń lò sí i?"

"Àdúrà màmá mi," ó dáhùn, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Irọ́ ló pa. Ní ọjọ́ kan, ó wọlé wá kí Àìníà, ó ṣí fìlà láti fi ọ̀wọ̀ hàn, káàdì oògùn méjì sì já bọ́ láti inú fìlà náà. Kí ìyá rẹ̀ tó bojú wolẹ̀, Nimat ti fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjì, ó kó wọn, ó nà wọ́n sí i.

"Tìmẹ́hìn, kí nìyí?"

"Oògùn ara ríro. Díkílófẹ́nákì ni ọ̀kan, àìbùpùròféènì ni ìkejì. Mo máa ń rà wọ́n bí mo bá lọ sí Ofosu, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí."

"Ò ń lo méjèèjì pọ̀?"

"Ọ̀kan kò ràn mí mọ́, Àjíkẹ́. Bí mi ò bá lò ó, mi ò lè gun igi, mi ò lè ká kòkó, mi ò lè jókòó tì ọ́ báyìí." Ó gba oògùn náà, ó dá a padà sínú fìlà. "Jọ̀ọ́, màmá mi kò gbọdọ̀ gbọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún fún bàbá mi tó fi kú. Láti ìgbà náà, kò sí oògùn òyìnbó tó ń wọ ilé wa. Ìyá Àdúrà ni màmá mi nínú ìjọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ń mu oògùn, ojú á tì í débi pé kò ní lè wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Fi Ọlọ́run tí ò ń kírun sí búra fún mi."

Nimat búra. Ìfẹ́ ló mú un búra, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti ká a mọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ó rí i pé Tìmẹ́hìn ń fọwọ́ tẹ abẹ́ àyà bó bá jẹun tán. Ó rí i pé kò jẹ ata mọ́, pé ó ń gùnfẹ̀ bí ẹni tó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kékeré tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ti ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Ètè rẹ̀ ń funfun. Bó bá béèrè, Tìmẹ́hìn á ní, "Ebi ni," tàbí, "Oòrùn ni."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò nípa oògùn ara ríro. Nimat fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó fetí sí i dáadáa. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́ kó jìnnìjìnnì bá a, kò sì lè dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó pe Tìmẹ́hìn lórí fóònù.

"Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Má bínú o."

"Bi mí, adùn ọkàn mi."

"Báwo ni ìgbẹ́ rẹ ṣe rí?"

Tìmẹ́hìn fi ẹ̀rín bọnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Àjíkẹ́! Àwọn ọmọge ẹlẹgbẹ́ rẹ ń béèrè bóyá wọ́n wà lọ́kàn ọkọ wọn. Ìgbẹ́ ni tèmi ń béèrè!"

"Tìmẹ́hìn, mi ò ṣeré. Ṣé ó dúdú? Ṣé ó dà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì? Nọ́ọ̀sì orí rédíò ní àmì ẹ̀jẹ̀ inú nìyẹn."

"Rárá o. Ó rí bí tẹni gbogbo. Fọkàn balẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti mọ ohùn Tìmẹ́hìn dáadáa, ó mọ èyí tó fi ń sọ òótọ́, ó sì mọ èyí tó fi ń ra ìṣó tí kò nílò.

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá Nimat gbọ́ sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn. Símẹ́ńtì ni Tàjùdéèn ń tà, ẹni tó máa ń wo ohun gbogbo bí ẹni ń wò ó bóyá á lè ru ẹrù.

"Ẹ̀sìn kọ́ ni mò ń sọ," ó wí. "Ìdajì ẹbí mi ní Aládé, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ, a kò sì tíì fi ìyẹn jà rí. Mo rí ọmọkùnrin náà ní ìdíkọ̀. Ó ń rìn bí ẹni tó ru ìkòkò omi. Nimat, ṣé ọkọ lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lo fẹ́ gbà?"

"Bàbá, ó lágbára. Ó ń ṣiṣẹ́ ju àwọn tí ara wọn dá lọ."

"Ó dáa. Kó wá kí mi. Ṣùgbọ́n kó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọmọ Yorùbá. Bí kò bá lè dọ̀bálẹ̀ fún baba ìyàwó, kí ló fẹ́ lè ṣe fún ìyàwó?"

Nimat kò fẹ́ jíṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Tìmẹ́hìn fi agbára gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Mà á dọ̀bálẹ̀."

"Má fi oògùn kún oògùn nítorí èyí o. Mo bẹ̀ ọ́. Mà á bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

"Má bá a sọ̀rọ̀. Ṣé kó máa rò pé ìwọ lo wá ń ṣe agbẹjọ́rò fún mi?"

Nígbà tí Tìmẹ́hìn sọ fún ìyá rẹ̀, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Rónkẹ́, pé òun ń lọ kí àwọn òbí ọmọbìnrin kan ní Odode, inú ìyá náà dùn, kò sì janpata pé Mùsùlùmí ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ ju kó fi ohun gbogbo lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ní kí ọmọ òun gba ààwẹ̀ gbígbẹ kó tó lọ, kí ọ̀nà lè là. Tìmẹ́hìn gbààwẹ̀ náà, omi kò kan ọ̀fun rẹ̀ àfi ìwọ̀nba tó ń fi gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ náà ṣe ń sún mọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà ń pọ̀ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ló dé. Ó wọ ṣòkòtò àti bùbá funfun, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù ba Nimat nígbà tó rí bó ṣe ń rìn: ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe rí.

Tàjùdéèn jókòó sórí àga ńlá, Àìníà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Habeebullah, ẹ̀gbọ́n Nimat, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Tìmẹ́hìn rìn dé àárín ilé, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ó sì tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Gbalaja.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá. Ẹ kú ìjókòó, ìyá."

Inú Tàjùdéèn dùn tayọ. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Dìde."

Ó dìde. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nimat rí òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, àmọ́ àwọn tó kù kò rí nǹkan kan. Wọ́n gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá. Tìmẹ́hìn jẹ òkèlè díẹ̀. Lójijì ó dìde, ó ní ẹ dákun, òun fẹ́ jáde díẹ̀.

Ẹ̀yìnkùlé ló dé tó fi bì. Nimat ti sáré tẹ̀lé e. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dúdú, ó rí bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ tẹ̀lé e, ẹ̀jẹ̀ pupa, ó sì ba gbogbo bùbá funfun náà jẹ́.

"Yéè! Mo gbé!" Àìníà figbe ta. "Nínú ilé mi! Ẹ gbà mí!"

Habeebullah gbé ọkọ̀ jáde. Wọ́n gbé Tìmẹ́hìn sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan Nimat, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ Nimat. Wọ́n kọjá Aládé, wọ́n gba ọ̀nà Àkúrẹ́. Ọwọ́ Tìmẹ́hìn tutù bí omi àmù.

"Àjíkẹ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "má sọ fún màmá mi."

Nimat ń ka gbogbo àdúrà tó mọ̀, ó ń kà wọ́n ní ìkàkúkà, èyí ń wọnú èyí.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n sáré gbé e wọlé. Kò pẹ́ tí Tàjùdéèn àti Àìníà fi dé, kò sì pẹ́ lẹ́yìn wọn tí Ìyá Rónkẹ́ tí wọ́n ránṣẹ́ pè náà fi dé pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn, láìwọ bàtà. Ẹ̀ka èdè Ìdànrè ló fi ń pariwo, ó ń sọ ọ́ kíákíá débi pé àwọn nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ ń wo ara wọn lójú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ èyí tó sọ gbẹ̀yìn.

"Kí lẹ fún ọmọ mi jẹ? Ààwẹ̀ ló ti gbà dé ilé yín! Oúnjẹ yín ló kọ́kọ́ fẹnu kàn! Mà á pe ọlọ́pàá!"

Tàjùdéèn dìde dúró. "Èmi? Èmi ni ẹ ń pè ní apànìyàn? Nimat, bọ́ sínú ọkọ̀. Ó ti parí láàárín àwa àti àwọn wọ̀nyí."

Dókítà tó ń tọ́jú Tìmẹ́hìn jáde sí wọn. Ignatius lorúkọ rẹ̀, kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa débi pé ó ń sọ èdè wa bí ọmọ onílé.

"Ẹ dákẹ́ ariwo," ó wí. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin yìí ti lọ sílẹ̀ gan-an. A ti ń fún un lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n mo nílò láti mọ ohun tó ń lò. Oògùn, àgbo, ọtí, ohunkóhun. Ẹni tó bá mọ̀ kó sọ ọ́ fún mi nísinsìnyí."

"Ọmọ mi kì í lo oògùn," Ìyá Rónkẹ́ dáhùn kíá.

Gbogbo ojú yí sí Àìníà, ẹni tó se ọbẹ̀. Àìníà ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nimat wo ìyá rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé Tìmẹ́hìn gbà wọlé. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé bí òun bá lanu, òun á pàdánù rẹ̀. Bí òun bá sì dákẹ́, òun á pàdánù rẹ̀ náà, èyí tí kò ní padà mọ́. Ó yí fìlà ọwọ́ rẹ̀ padà. Káàdì oògùn bọ́ sílẹ̀, òmíràn tẹ̀lé e, òmíràn tún tẹ̀lé e. Gbogbo wọn ti ṣófo.

"Díkílófẹ́nákì àti àìbùpùròféènì," ó wí. "Ó ti ń lo wọ́n pọ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Nínú ààwẹ̀ yìí, ó tún fi kún un, kó lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Inú ń run ún. Ó fi pa mọ́ fún gbogbo yín. Èmi nìkan ló sọ fún."

"Irọ́ ni!" Ìyá Rónkẹ́ pariwo. Ṣùgbọ́n fìlà náà, òun ló rà á fún ọmọ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ àdúrà rẹ̀ lórí itan.

Wọ́n ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà bọ Tìmẹ́hìn lọ́nà ọ̀fun, wọ́n sì rí egbò tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn rẹ̀, wọ́n dí i. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà dá ni Dókítà Ignatius wá jókòó ti Ìyá Rónkẹ́.

"Màmá, kò sí májèlé níbí. Oògùn yẹn ń dín ara wíwú kù, ó ń pa ìrora, ó sì wúlò fún irú àìsàn ọmọ yín. Ṣùgbọ́n èròjà ara tí oògùn náà ń dá dúró nínú oríkèé, irú rẹ̀ náà ló ń dáàbò bo awọ ikùn. Bó bá pọ̀jù, awọ náà á di ahẹrẹpẹ, omi kíkan inú ikùn á wá máa jẹ ẹ́. Ìgbà mìíràn, ó ń kọjá ikùn dé ìfun. Ẹni tí oríkèé ń dà láàmú ló sábà máa ń rí èèmọ̀ yìí, torí ojoojúmọ́ ló ń lò ó. Egbò náà lè má tilẹ̀ pariwo, torí oògùn tó dá a sílẹ̀ ló tún ń pa ìrora rẹ̀ mọ́lẹ̀."

"Ààwẹ̀ tí mo ní kó gbà ńkọ́?" Ìyá Rónkẹ́ béèrè, ohùn rẹ̀ kò kọjá etí ara rẹ̀.

"Ààwẹ̀ kọ́ ló dá egbò, Màmá. Oògùn méjì pọ̀, ìwọ̀n tó pọ̀jù, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ dúpẹ́ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Tìmẹ́hìn lajú, ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí, omi ń bọ́ lójú ìyá náà. Ó wá rí Nimat lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó yé e.

"O sọ fún wọn."

"Mo sọ fún wọn."

Kò lè yí ọrùn kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó di ojú.

Báyìí ni nǹkan ṣe dàrú. Tàjùdéèn ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọkùnrin náà mọ́ nínú ilé òun, ìyá rẹ̀ ti pe òun ní apànìyàn lójú ayé. Wọ́n dá Tìmẹ́hìn padà sí Aládé. Bí Nimat bá pe fóònù rẹ̀, á dún títí á fi dákẹ́. Ó ń ta àdá, ó ń ta àpò, ó ń ṣi ṣẹ́ǹjì oníbàárà kà, àyà rẹ̀ kò sì sinmi. Ẹ̀rù ń bà á pé Tìmẹ́hìn á tún padà sídìí oògùn yẹn. Ẹ̀rù tún ń bà á pé kò ní lo nǹkan kan, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì gan pa. Kò mọ èyí tó yẹ kó gbàdúrà sí nínú méjèèjì.

Ìyá Rónkẹ́ ló wá sí ṣọ́ọ̀bù ní àárọ̀ kan. Àìníà rí i, ó dìde, ojú rẹ̀ le. Kó tó lanu, Ìyá Rónkẹ́ ti kúnlẹ̀ láàárín àwọn bàtà rọ́bà.

"Ìyá Habeeb, ẹ forí jì mí. Mo fi ẹnu mi ba orúkọ yín jẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Àìníà tẹ̀ síwájú, ó mú un lápá méjèèjì. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Bó bá jẹ́ Habeeb ló ń bi ẹ̀jẹ̀, ohun tí èmi náà ì bá sọ burú ju tiyín lọ."

Ìyá Rónkẹ́ dìde, ó kọjú sí Nimat. "Ìyàwó mi, ìwọ ni mo wá bá. Kò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Dókítà fún un ní oògùn tí á wo egbò náà sàn. Èmi fúnra mi ni mo gbé e síwájú rẹ̀. Èmi! Ó ní kí n gbé e kúrò. Ó ti gan sórí ibùsùn bí igi. Mo ti gbàdúrà títí. Mo wá rò ó pé bóyá ìwọ gan-an ni ìdáhùn tí Ọlọ́run ní kí n wá mú."

Nimat wo ìyá rẹ̀. "Gbé ìborùn rẹ," Àìníà wí. "Mà á mọ ohun tí mà á sọ fún bàbá rẹ."

Inú yàrá tó ní fèrèsé kan ni Tìmẹ́hìn dùbúlẹ̀ sí. Ó ti rù. Nimat jókòó sétí ibùsùn.

"Kí lo wá ṣe?" ó béèrè.

"Mo wá wo ọkùnrin tó ń bínú sí mi."

"O búra fún mi, Nimat." Kò pè é ní Àjíkẹ́.

"Mo búra, mo sì da ìbúra náà. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, mà á tún dà á. Tìmẹ́hìn, ìbínú rẹ ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ ibojì rẹ."

Omijé yọ ní ìkángun ojú Tìmẹ́hìn, ó ṣàn lọ sí etí, kò sì lè gbé ọwọ́ láti nù ún. Nimat fi ìborùn rẹ̀ nù ún.

"Ìwọ ni mò ń bínú sí ni mo rò," ó wí. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá lo oògùn, ikùn mi á bẹ́. Bí mi ò bá lò ó, ẹ̀yìn mi á di òkúta. Èwo ni kí n yàn?"

"Mi ò mọ̀. Jẹ́ ká lọ bi ẹni tó mọ̀."

"Bí òun náà kò bá mọ̀ ńkọ́?"

"A ó tún lọ bi ẹlòmíràn. Èmi náà ń bẹ̀rù, olówó orí mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká jọ máa bẹ̀rù rẹ̀ pọ̀. Èyí tí o dá nìkan bẹ̀rù, ó fẹ́ẹ̀ pa ọ́."

Tìmẹ́hìn na ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó wá ọwọ́ Nimat kàn. "Àjíkẹ́ mi," ó wí, "gbé omi wá."

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ padà lọ sọ́dọ̀ Dókítà Ignatius, Ìyá Rónkẹ́ wà láàárín wọn. Dókítà ṣe àyẹ̀wò kòkòrò kan tó tún máa ń fa egbò inú ikùn, ó bá a níbẹ̀, ó sì fún un ní oògùn tó pa á. Ó ní kí egbò náà kọ́kọ́ jinná. Lẹ́yìn náà, oríṣi oògùn ìrora kan ṣoṣo ni á lò, èyí tó rọ ikùn lọ́rùn díẹ̀, ní ìwọ̀n tó kéré jù, pẹ̀lú oògùn tó ń dáàbò bo ikùn. Ó kọ̀wé ránṣẹ́ sí dókítà oríkèé, tí á fún un ní èyí tó ń bá gbòǹgbò àìsàn náà jà. Ó sì kọ́ ọ ní eré ìdárayá tí á máa ṣe láràárọ̀.

"Ṣé kò wá ní ṣẹlẹ̀ mọ́?" Nimat béèrè.

"Mi ò lè ṣèlérí ìyẹn fún yín. Mo lè ṣèlérí pé a ó máa ṣọ́ ọ."

Kì í ṣe ìdáhùn tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, ó sì mú un lọ sílé.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Tàjùdéèn kírun tán, kò sì padà sílé. Aládé ló gbà lọ, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó bá Tìmẹ́hìn lágbàlá tó ń na ara mọ́ ògiri, tó ń yí èjìká, tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè, tí ìyá rẹ̀ sì ń fi orin ìjọ bá a kà á. Tàjùdéèn fa àga, ó jókòó títí wọ́n fi parí. Wọ́n fẹ́ gbé omi fún un, ó ní kí wọ́n má ṣe wàhálà. Nígbà tó dé Odode, ó pe Nimat.

"Símẹ́ńtì tí mò ń tà, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ń le. Ọmọkùnrin yẹn, ojoojúmọ́ ló ń bá ara rẹ̀ mọ ilé. Kí wọ́n wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Kó máa jókòó sórí àga kí mi."

Wọ́n ṣe é, ó dùn, ó lárinrin. Kí ẹ̀sìn má bàa di ìjà, wọ́n fẹnu kò pé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Owena ni wọ́n á ti so wọ́n pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó náà, Tìmẹ́hìn ní inú ń run òun díẹ̀. Àyà Nimat já. Ó wo ètè rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó bi í ní gbogbo ohun tó máa ń bi í, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kankan pa mọ́. Ayọ̀ ni ó jọ, àti àkàrà gbígbóná tó fi ìkánjú jẹ. Síbẹ̀, nínú ọkọ̀, Nimat ń fojú sí i lára títí wọ́n fi dé Owena. Ó ti mọ̀ pé bí ayé òun ṣe máa rí nìyẹn, ó sì ti gbà á.

Akọ̀wé tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ ní kí ọkọ àti ìyàwó dìde. Nimat dìde. Ìjókòó ọ̀nà ti mú ẹ̀yìn Tìmẹ́hìn. Ó fọwọ́ ti orúnkún, ó gbé ara díẹ̀, ó dúró, ó mí. Ìyá Rónkẹ́ dìde láti ràn án lọ́wọ́. Àìníà dì í mú láṣọ. Akọ̀wé wo aago ara ògiri, ó wo àwọn tó ń dúró níta, ó sì la ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Tàjùdéèn ló ṣáájú rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù fún un," ó wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àna mi ni."

Àyà Nimat tó ti ń lù láti àárọ̀ rọlẹ̀. Ó na ọwọ́. Tìmẹ́hìn dì í mú, ó dìde dúró, àwọn méjèèjì sì kọjú sí akọ̀wé.